Kòkòrò àìfojúrí tó ń bọ́ ẹja òkun: Ọ̀rọ̀ kan àgbẹ̀ Òdìgbó, ó kan apẹja Ìlàjẹ

Ẹni tó ń gbé ìlú Òrè kì í rí òkun. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ni títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, ọkọ̀ akérò tó dúró kí èrò lè ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú tó ń lọ sí sọ́míìlì, àti oko kòkó tó bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ilé tán. Síbẹ̀, òkun kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú bọ́ńgà yíyan, ṣáwá àti edé gbígbẹ tó ń gba Ìgbókòdá àti Òkìtìpupa gòkè wá sí ọjà Òrè àti Òdìgbó, inú omi Ìlàjẹ ni wọ́n ti kó o jáde. Nígbà tí òkun bá háwọ́, kì í pẹ́ kí ìyàwó ilé tó wà l'Órè tó mọ̀ nídìí owó ẹja.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí ni pé kì í ṣe àwọ̀n apẹja nìkan ló ń mú ẹja wá. Lẹ́yìn ẹja ni ohun tí ẹja jẹ wà, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ewéko tín-tìn-tín tó ń léfòó nínú omi, lẹ́yìn gbogbo wọn sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní bakitéríà. Iṣẹ́ tí àwọn bakitéríà wọ̀nyí ń ṣe nínú omi iyọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àgbẹ̀ Òdìgbó ń torí rẹ̀ ra àpò fàtiláísà. Wọ́n ń fi náítírójìn bọ́ òkun. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà kan ará oko ni pé fàtiláísà tí òjò bá wẹ̀ kúrò lóko rẹ̀, ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn ló ń tọ̀.

Orúkọ tó wà lára àpò

Náítírójìn lè dà bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé létí, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá ti ra fàtiláísà rí ti fọwọ́ kàn án. Òun ni lẹ́tà N tó ṣáájú nínú NPK. Nígbà tí wọ́n bá kọ 15-15-15 sára àpò, 15 àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Ti yúríà tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú 100 kílò yúríà, kílò 46 jẹ́ náítírójìn, tó fi jẹ́ pé àpò yúríà oní-50 kílò kan gbé kílò 23 náítírójìn sínú. Òun ló ń mú kí ewé àgbàdo tutù yọ̀yọ̀. Òun náà wà lára ohun tí ara èèyàn, ara ẹran àti ara ẹja fi ń di ẹran. Ẹyin o, ẹ̀wà o, wàrà o, pánlá o, kò sí èyí tí náítírójìn kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yani lẹ́nu ni pé náítírójìn kò wọ́n. Nínú 100 ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí sínú, 78 jẹ́ náítírójìn. Lórí oko kòkó kan tó fẹ̀ tó hẹ́kítà kan, láti ilẹ̀ títí dé òkè òfuurufú, náítírójìn tó wà níbẹ̀ lé ní 70,000 tọ́ọ̀nù. Kòkó náà kò sì lè fi ẹnu kan ìdá kékeré nínú rẹ̀. Ìdí ni pé méjì-méjì ni náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń so mọ́ra wọn, ìdè tó so wọ́n sì yi gidigidi. Igi kò lè tú u, ẹranko kò lè tú u, bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá tú u ká, kò lè di oúnjẹ. Àwọn tó rántí ogun ọdún 1967 yóò sọ pé ó le kú, ìjà Òrè.

Èèyàn rí ọ̀nà tú u ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Fritz Haber, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe é yọrí nínú yàrá ìwádìí ní ọdún 1909. Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní Jámánì ní ọdún 1913. Ọ̀nà náà gba iná tó lé ní 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì gba kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po 200 bí ó ṣe wà níta. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ fàtiláísà Dangote ní Lẹ́kí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Afẹ́fẹ́ lásán àti gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Kòkòrò kan wà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí èèyàn tó dáyé, láìlo iná, láìlo gáàsì. Àgbẹ̀ tó bá fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tu jẹ́jẹ́ yóò rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá fi èékánná la ọ̀kan, tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, bakitéríà wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀wà ń fún un ní ṣúgà, òun náà ń fún ẹ̀wà ní náítírójìn. Àwọn ará Jámánì méjì, Hermann Hellriegel àti Hermann Wilfarth, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1886 sí 1888, tí Martinus Beijerinck ní ilẹ̀ Netherlands sì ya bakitéríà náà sọ́tọ̀ ní 1888. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni àgbẹ̀ ti ń rí i pé àgbàdo tí wọ́n gbìn sí ojú ilẹ̀ ẹ̀wà ń ṣe dáadáa. Ohun tó fà á ni wọn kò mọ̀.

Ìyẹ̀fun igi lójú omi

Nínú òkun, kò sí ẹ̀wà, kò sì sí ẹni tó ń fọ́n yúríà. Omi àárín òkun tó mọ́ gaara, tó dúdú bí aró, ilẹ̀ tó ti ṣá ló jọ. Ó mọ́ nítorí pé kò sí ohun púpọ̀ tó ń hù nínú rẹ̀. Ohun tó sì fà á tí kò fi hù, níbi púpọ̀, ni àìsí náítírójìn tó ṣeé jẹ. Síbẹ̀ ẹ̀dá kún inú rẹ̀: nínú omi òkun tó kún ṣíbí ìpotíì kan, bakitéríà lè tó mílíọ̀nù márùn-ún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lè tú náítírójìn. Àwọn díẹ̀ tó lè ṣe é ni àwọn yòókù ń jẹ lára wọn.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Trichodesmium. Bakitéríà ni, àmọ́ ó ń lo oòrùn bí ewé, ó sì máa ń kó ara rẹ̀ jọ bí ìdì okùn tín-tìn-tín títí ojú fi lè rí i. Nígbà tí òkun bá parọ́rọ́, ó lè tẹ́ lọ lórí omi ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ní ó jọ ìyẹ̀fun igi, irú èyí tó ń gorí ara wọn lẹ́yìn sọ́míìlì l'Órè. Christian Gottfried Ehrenberg, ará Jámánì tó rí i ní Òkun Pupa, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1830. Ó di ọdún 1961 kí àwọn onímọ̀ tó fi hàn pé ẹ̀dá yìí ń tú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ nínú agbami. Èyí ni pé fún ọdún 130, wọ́n ń wò ó, wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òkun òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà bu omi ní apá ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì, títí kan Gulf of Guinea, èyí tí etíkun Ìlàjẹ wà lára rẹ̀. Rachel Foster, Ajit Subramaniam àti Jonathan Zehr gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Nínú gbogbo àwọn atúnáítírójìn tí wọ́n wá nínú omi náà, Trichodesmium ló pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀dá yìí nílò, tí ará Òdìgbó mọ̀ dáadáa láìmọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Irin ni. Bí kò bá sí irin díẹ̀, iṣẹ́ títú náítírójìn kò lè lọ, irin sì ṣọ̀wọ́n lójú agbami. Ibi tí púpọ̀ nínú irin Àtìláńtíìkì ti ń wá ni eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku kan náà tí ọyẹ́ ń gbé kọjá lórí ilé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, tó ń gbẹ ètè, tó sì ń bo ewé kòkó. Èyí tó bá kọjá orí ilẹ̀ lọ já sínú òkun ló ń di oúnjẹ fún wọn. Ohun tí àwọn èèyàn ń bú ní oko, èrè ni lójú omi.

Àpapọ̀ náítírójìn tí àwọn ẹ̀dá òkun ń tú lọ́dún, àwọn onímọ̀ fojú bù ú sí láàárín 100 àti 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Bí ilé iṣẹ́ Lẹ́kí bá ṣiṣẹ́ ní àṣekún fún ọdún kan gbáko, náítírójìn tó wà nínú yúríà rẹ̀ kò ní pé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tọ́ọ̀nù. Òkun tí ilé iṣẹ́ náà kọjú sí ń ṣe ju ìlọ́po 70 ìyẹn lọ, tí a bá tilẹ̀ mú iye tó kéré jù.

Obìnrin tó wá a ní ìgbà 300

Trichodesmium nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1998, Jonathan Zehr, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀kan, rí àmì DNA kan nínú omi òkun Pàsífíìkì tó fi hàn pé atúnáítírójìn kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Àmì nìkan ni wọ́n rí, bí ẹsẹ̀ ẹran lójú ọ̀nà igbó. Wọ́n pè é ní UCYN-A. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé kì í dá gbé, inú ewéko òkun tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ Braarudosphaera bigelowii ló ń gbé.

Ewéko náà kò gbà kí wọ́n sin òun nínú ìgò. Kyoko Hagino, obìnrin onímọ̀ kan ní Fásitì Kochi ní Japan, lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí rẹ̀, ó sì lọ bu omi òkun ju ìgbà 300 lọ kí èyí tó fẹ́ẹ́ wù ú tó hù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó rí i sìn tán ni àwọn yòókù tó lè wò ó fínnífínní. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 mú kí wọ́n tún ìwé ẹ̀kọ́ kọ: bakitéríà náà kì í ṣe àlejò nínú ewéko yẹn mọ́. Ó ti di ẹ̀yà ara rẹ̀. Nígbà tí ewéko bá pín sí méjì láti bímọ, òun náà ń pín, ewéko sì ló ń pèsè púpọ̀ nínú ohun tó nílò láti wà láàyè. Wọ́n fún un lórúkọ tuntun, nitroplast. Kí ó tó dìgbà náà, gbogbo ìwé ló sọ pé kò sí ewéko kankan tó lè tú náítírójìn fúnra rẹ̀, pé bakitéríà nìkan ló lè bá a ṣe é. Ẹ̀wà pàápàá, àlejò ló ń gbà sí gbòǹgbò.

Bí owó èsúsú

Náítírójìn tí wọ́n bá tú tán kì í jókòó sójú kan. Èsúsú ni ètò rẹ̀ jọ: ọwọ́ kan ń dá, ọwọ́ mìíràn ń kó, ó sì gbọ́dọ̀ máa yí po. Ewéko jẹ ẹ́, edé jẹ ewéko, ṣáwá jẹ edé, ẹja ńlá jẹ ṣáwá. Èyí tó bá kú, àti ìgbẹ́ gbogbo wọn, ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn bakitéríà mìíràn ti ń jẹ ẹ́ ra, tí náítírójìn inú rẹ̀ ń di amóníà, irú òórùn tó ń ta ni nímú nínú ilé adìyẹ. Àwọn mìíràn tún ń sọ amóníà yẹn di náítíréètì. Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 1890. Inú òkun, ìbátan bakitéríà kan ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ọdún 2005 ni wọ́n sì tó rí ọ̀kan sìn nínú ìgò, láti inú ilé ìṣàfihàn ẹja ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà.

Náítíréètì yìí ló kún inú omi tútù ìsàlẹ̀ òkun. Bí ó bá wà níbẹ̀ títí, ẹja kò jẹ èrè rẹ̀, nítorí oòrùn kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù ìsàlẹ̀ máa ń ru gòkè ní etíkun Ivory Coast àti Ghana, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ Benin. Àkókò yẹn gan-an ni ṣáwá máa ń pọ̀ yamùyamù lọ́wọ́ àwọn apẹja Ghana. Etíkun Nàìjíríà kò rí irú rẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Odò ló ń bọ́ ọ jù, ìyẹn ni pé ohun tí ilẹ̀ bá fi ránṣẹ́ ni omi ń gbà.

Ó ku ẹni tó ń dá owó padà. Níbi tí ọ́síjìn kò bá ti tó nínú omi tàbí nínú ẹrẹ̀, àwọn bakitéríà kan wà tó ń mí náítíréètì dípò ọ́síjìn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lásán padà. Ọ̀wọ́ mìíràn ń fi amóníà ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìlo ọ́síjìn rárá. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn yẹn kò jọni lójú, inú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kan ní Delft ní Netherlands ni, ní àárín ọdún 1990 sí 1995. Ní ọdún 2003 wọ́n rí wọn nínú Òkun Dúdú, ní 2005 wọ́n fi hàn pé wọ́n ń ṣe bẹbẹ ní etíkun Namibia. Ní etíkun Namibia yìí kan náà, Heide Schulz ará Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí bakitéríà kan nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n kéde ní ọdún 1999, tó fi náítíréètì kún inú ara rẹ̀ bí ẹni ń pọnmi sínú àmù. Ó tóbi débi pé ojú lásán ń rí i. Orúkọ àìfojúrí kò bá irú èyí mu mọ́.

Ohun tí odò Olúwa ń gbé lọ

Odò Olúwa, tí igbó ọba Olúwa ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ń ṣàn gba Agbabu kọjá, níbi tí bítúmẹ́ẹ̀nì wà, ó ń lọ sí ìhà Òkìtìpupa títí yóò fi wọ inú àwọn omi Ìlàjẹ, tó sì bá òkun pàdé. Nígbà tí igbó ṣì dí, díẹ̀díẹ̀ ni náítírójìn ń jò látinú ilẹ̀ sínú odò. Gbòǹgbò igi ń gbà á padà kí ó tó lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n gé igi rẹ̀ tán, tí wọ́n sì ń da fàtiláísà sí, kò ní olùṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí lágbàáyé fi hàn pé nínú náítírójìn tí àgbẹ̀ ń dà sóko, nǹkan bí ìdajì ni ohun ọ̀gbìn ń rí jẹ. Nínú kílò 23 tó wà nínú àpò yúríà, bíi kílò 11 lè lọ láìṣe ẹnikẹ́ni ní oore. Apá kan ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́ bí amóníà, pàápàá bí wọ́n bá fọ́n yúríà sórí ilẹ̀ láìbò ó. Apá kan ń di náítíréètì, omi òjò sì ń fà á wọ ilẹ̀ lọ, ó ń wá odò kiri. Ẹni tó ra àpò yẹn nígbà tí owó fàtiláísà fò sókè kárí ayé ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀, mọ irú òfò tí èyí jẹ́.

Ẹni tó bá ń sin ẹja ní adágún yóò tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Bí oúnjẹ àti ìgbẹ́ bá pọ̀ jù nínú adágún, omi á tutù bí ewé. Lójú òṣì èèyàn lè rò pé ó dára. Nígbà tó bá di ìdájí, ẹ̀pìyà á máa gbé ẹnu sókè lójú omi, wọ́n ń wá ọ́síjìn. Ewéko inú omi náà ń mí lóru, èyí tó bá sì kú, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ ń lo ọ́síjìn tó kù. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu odò ńlá. Ní Gulf of Mexico, níbi tí odò Mississippi ń da fàtiláísà àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà sí, omi ìsàlẹ̀ máa ń di òkú lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹja tó bá lè sá á sá, edé tí kò lè sá á kú. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ka irú ibi bẹ́ẹ̀ ju 400 lọ káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ kò tíì dà bí ti Mississippi, nítorí fàtiláísà tí wọ́n ń lò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kéré púpọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sì sọ pé àgbẹ̀ Òdìgbó ló ń pa ẹja Ìlàjẹ ń parọ́ mọ́ ọn. Ìdọ̀tí ìlú, ìgbẹ́ tó ń wọ omi, epo rọ̀bì àti gígé igi etí omi, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ti wà lójú omi fún ogójì ọdún ó lé. Ewéko orí omi tó ń yọ òdòdó àlùkò, tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984 láti ìhà Benin gba omi Àgbádárìgì. Omi tó ní náítírójìn púpọ̀ ni ó fẹ́ràn jù. Láti ọdún 2011 ni ewé òkun rẹpẹtẹ tí wọ́n ń pè ní sargassum náà ti ń gòkè sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó ń dí àwọ̀n. Bakitéríà tó ń tú náítírójìn wà lára òun náà, wọ́n jọ ń gbé e kiri ni.

Ohun tó yẹ kó dáàbò bo omi Ìlàjẹ ni ẹrẹ̀ dúdú abẹ́ igi ẹ̀gbà, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Òórùn yẹn ń fi hàn pé ọ́síjìn kò sí níbẹ̀, ibi tí kò bá sì ti sí ọ́síjìn ni àwọn bakitéríà tó ń dá náítírójìn padà sí afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi odò bá ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá láàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, wọ́n á ti gba àjẹṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé òkun. Níbi tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbà fún igi ìdáná tàbí tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi gba àárín rẹ̀ kọjá, omi á kàn sáré lọ tààrà.

Ooru ayé tún ń da ètò náà rú láti ọ̀nà mìíràn. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn mọ́ra bí omi tútù. Láti ọdún 1960 títí di nǹkan bí 2010, òkun ayé ti pàdánù bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn rẹ̀. Bí ibi tí kò ní ọ́síjìn bá ń fẹ̀ sí i, àwọn tó ń dá náítírójìn padà á máa rí àyè, oúnjẹ ẹja á máa dín kù lójú agbami, nígbà tó ń pọ̀ jù ní ẹnu odò. Lára ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀ náà ni gáàsì kan tó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bíi 270 ju èéfín ọkọ̀ lọ, bí a bá wọn méjèèjì ní kílò sí kílò.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ kò ná an lówó, ó tilẹ̀ lè dá owó padà fún un. Kí yúríà wọ ilẹ̀, kí wọ́n bò ó, kì í ṣe kí wọ́n fọ́n ọn sórí ewé. Kí wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bí àgbàdo ṣe ń dàgbà, dípò kí wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òjò ńlá bá ń ṣú, kí àpò náà dúró sílé. Kí wọ́n fi igi sílẹ̀ ní bèbè odò, ó kéré tán ní ìbú ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀, nítorí gbòǹgbò wọn ni àgbàwọlé ìkẹyìn. Àgùnmánìyè tí àwọn kan gbìn láti fi ṣe ìbòòji fún kòkó náà ní kókó lára gbòǹgbò bíi ti ẹ̀wà, ewé rẹ̀ tó bá sì já sílẹ̀ ń di ajílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ti ẹ̀wà kò le, nítorí bakitéríà rẹ̀ sábà máa ń wà nínú ilẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Sóyà ló jẹ́ àlejò tó máa ń wá bakitéríà tirẹ̀ tì. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970 láti ṣe irú sóyà tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà ṣọ̀rẹ́, tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé bakitéríà fúnra rẹ̀ jáde nínú páálí, tí wọ́n pè ní NoduMax, èyí tí àgbẹ̀ ń yí mọ́ irúgbìn sóyà kí ó tó gbìn ín. Àgbàdo, ìrẹsì àti kòkó kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbòǹgbò. Láti ìgbà tí ìròyìn nitroplast ti jáde ní 2024 ni àwọn onímọ̀ ti ń wo ewéko òkun yẹn pẹ̀lú ìbéèrè kan lẹ́nu: ṣé ohun tí ó ṣe lójú omi, àgbàdo lè kọ́ ọ ṣe lórí ilẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i ṣe, kò sì sí ẹni tó ń retí pé yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Òdìgbó ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án kò ní dúró dè wọ́n, odò Olúwa sì ń ṣàn lọ.